Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 24, mo fẹ́ wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìyá ọkọ mi ò gbà

Olóyún Ìsàlẹ̀ Èkó (Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 24 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Oyún kejì ni, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni mo bí àkọ́kọ́. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ṣègbéyàwó, mo sì ti gba físà. Bí mo bá máa fi gbéra, màá ti wà ní ọ̀sẹ̀ 27. Mo fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀ kí n tó padà.

Ọkọ mi fara mọ́ ọn. Ìyá ọkọ mi ló fárígá. Wọ́n ní aboyún kì í gun bàálù, wọ́n ní atẹ́gùn òkè á fún ọmọ lọ́rùn nínú ikùn, wọ́n ní bí ìrọbí bá mú mi lójú òfurufú, ta ni yóò gbẹ̀bí? N kò fẹ́ bá wọn ṣe awuyewuye, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Mo pe ilé iṣẹ́ bàálù náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù ní kò séwu. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn ní kí n má dé pápákọ̀ láìsí lẹ́tà dókítà. Èwo ni kí n gbà? Ẹni tó bá ti fi oyún gun bàálù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè (8:05 àárọ̀)

Àbúrò mi, o kú oríire o. Mo gun bàálù lọ sí Àbújá nígbà tí mo wà nínú oyún àwọn ìbejì mi. Bíi wákàtí kan ni, kò sóhun tó ṣe mí nínú bàálù. Ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí wàhálà. Oyún mi ò tíì pé ọ̀sẹ̀ 26, ṣùgbọ́n ikùn ìbejì, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí, ó ti tó ti ẹni tó fẹ́ bí lọ́la. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní òun ò lè jẹ́ kí n kọjá láìsí ìwé. Mò ń ṣàlàyé, èrò ń pọ̀ sí i lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ mi ti wú kúrò nínú bàtà. Káàdì tí mo fi ń lọ fún àyẹ̀wò oyún ló gbà mí lọ́jọ́ náà, torí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n retí pé n ó bí sára rẹ̀ gàdàgbà.

Lẹ́tà ni o. Yálà wọ́n béèrè, yálà wọn ò béèrè, mú un dání.

Ọmọ Balógun (8:22 àárọ̀)

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Ẹ wọ bùbá tó fẹ̀ tàbí jálábíà, kí ẹ da ìborùn lé e, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí mo lọ ra ọjà ní Dubai, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Owó tí wọ́n ń gbà lórí lẹ́tà yẹn, ẹ fi ra aṣọ ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Yábàá (9:10 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, yóò gùn díẹ̀.

Ọmọ Balógun, ẹ má bínú, ìmọ̀ràn pé kí aboyún fi aṣọ bo oyún mọ́lẹ̀ kò dára rárá. Bí òòyì bá kọ́ ọ lókè, tí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ò mọ̀ pé ó lóyún, ìtọ́jú wo ni wọ́n fẹ́ fún un? Òfin ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe láti fìyà jẹ obìnrin. Oyún tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 37 ti tó bí, ìrọbí lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù kì í fi í gbé aboyún mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36. Tó bá jẹ́ ìbejì, ọ̀sẹ̀ 32 ni wọ́n sábà máa ń mọ sí, torí ìbejì kì í sábà pẹ́ nínú tó ọmọ kan. Láti ọ̀sẹ̀ 28 sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń béèrè lẹ́tà.

Ohun tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà náà kò pọ̀: ọ̀sẹ̀ tí oyún wà, ọjọ́ tí a retí ìbímọ, bóyá ọmọ kan ni tàbí méjì, àti pé dókítà kò rí ohun tó lè dí ìrìnàjò lọ́wọ́. Òfin ilé iṣẹ́ kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ lọ ka ohun tí ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀ kọ sórí ìkànnì wọn, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́ sórí fóònù. Ẹni tó gbé fóònù lè sọ ọ̀tọ̀ lónìí, kó sọ ọ̀tọ̀ lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká tún fi kíka oṣù sílẹ̀. "Oyún oṣù méje" tí à ń sọ nílé, ọ̀sẹ̀ 27 ni ẹlòmíràn ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 31 ni ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí ẹ rí kẹ́yìn ni a ti ń kà á, ọ̀sẹ̀ 40 sì ni gbogbo rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rù tó ń ba màmá: lóòótọ́ ni afẹ́fẹ́ inú bàálù fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ti ilẹ̀ lọ. Ó tó ti orí òkè tó ga ní mítà 1,800 sí 2,400. Ìyá tí ara rẹ̀ le kì í ní ìṣòro pẹ̀lú ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún gan-an máa ń di ọ́síjìn mú ju ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà lọ, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ẹ sọ fún màmá pé kò sóhun tó ń fún un lọ́rùn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo aboyún ni mo máa sọ fún pé kó máa lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹni tí ibi ọmọ bo ẹnu ilé ọmọ rẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an, ẹni tí omi ti ń jò lára rẹ̀, ẹni tó ti bímọ ṣáájú ọjọ́ rí, àfi kí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Olóyún Ìsàlẹ̀ Èkó, èwo nínú ìwọ̀nyí ló kàn yín? Kí ni PCV yín, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò yẹn? Síkáànù wo lẹ ṣe kẹ́yìn?

Ìyálọ́jà Òyìngbò (10:30 àárọ̀)

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ, mo sì kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ṣeré. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn lè má mọ ìwé, wọ́n mọ ohun tí ojú ti rí. Ohun tí èmi máa sọ ni pé kí ẹnìkan tẹ̀ lé ọmọ yìí lọ, kó má dá lọ. Kó sì fi píìnì há aṣọ rẹ̀ níbi ikùn bí a ti ń ṣe, kó má rìn nínú òòrùn ọ̀sán gangan.

Olóyún Ìsàlẹ̀ Èkó (10:52 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an ni. Nọ́ọ̀sì, PCV mi jẹ́ 34 níbi àyẹ̀wò tí mo ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Síkáànù fi hàn pé ibi ọmọ wà lókè, ọmọ kan ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò sí. Àǹtí Ìyálọ́jà, píìnì yẹn ti wà lára aṣọ mi láti oṣù kejì, màmá fúnra wọn ni wọ́n fi há a. Ṣé ẹ̀rọ pápákọ̀ ò ní pariwo lé mi lórí? Àti pé, àwọn kan ní ẹ̀rọ yẹn máa ń ba ọmọ inú jẹ́.

Àǹtí Festac (11:15 àárọ̀)

Ẹ̀rọ tí èèyàn ń gbà kọjá kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń yàwòrán egungun ní ọsibítù. Irin ló ń wá, kò séwu fún ọmọ. Inú èyí tó ń yàwòrán ni àpò wa ń gbà kọjá, àwa fúnra wa ò wọ inú rẹ̀. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ sọ pé kí òṣìṣẹ́ obìnrin fọwọ́ yẹ̀ yín wò, ẹ̀tọ́ yín ni. Ní ti píìnì, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó dé ẹnu ẹ̀rọ, ẹ jù ú sínú àpò, kí ẹ tún un há lẹ́yìn tí ẹ bá kọjá. Kò sí òfin tó ní kí ẹ má mú un wọ bàálù.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Jẹ́nótáípù tèmi SC ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Èkó ló mọ jẹ́nótáípù wọn kí wọ́n tó lọ́kọ, tí wọn ò sì ní ronú kàn án tí wọ́n bá fẹ́ gun bàálù. Fún àwa SS àti SC, tí a ní àrùn sickle cell, ìwọ̀nba ọ́síjìn tó dín kù lókè yẹn lè dá ìrora sílẹ̀ nínú egungun, pàápàá bí omi ò bá tó lára. Dókítà ẹ̀jẹ̀ mi ló kọ fọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ bàálù máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ò le, MEDIF ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ṣètò ọ́síjìn sílẹ̀ dè mí ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò. Ọjọ́ náà gan-an kọ́ ni èèyàn ń béèrè é. Ẹni tó jẹ́ AS, ìyẹn sábà máa ń lọ láìsí ìṣòro, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín náà.

Bàbá Ọmọ Gbàgádà (1:20 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ìyá ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí lílọ. Mo gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà pípẹ́ kí n tó padà wálé, ìpadàbọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ìyá mi, ka ọ̀sẹ̀ náà dáadáa. O máa lọ ní ọ̀sẹ̀ 27, o máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ 33 nìyẹn nígbà tí o bá ń padà. Lẹ́tà tí dókítà Èkó bá kọ fún ọ lónìí á ti pẹ́ jù nígbà náà, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ń fẹ́ èyí tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n kọ ọ́. Dókítà Ìlú Ọba ni yóò kọ òmíràn. O lè forúkọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, níbẹ̀, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ àlejò láti rí GP, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbowó lórí lẹ́tà. Kí àbúrò rẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ kí o tó dé, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta sí ìpadàbọ̀.

Bí ọmọ bá lọ dé ṣáájú ọjọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ọsibítù Ìlú Ọba ò ní lé ọ padà, wọn ò sì ní ní kí o kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó gbẹ̀bí. Àmọ́ ìwé owó á dé lẹ́yìn, ìlọ́po kan àbọ̀ iye tó ná ọsibítù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò. Àwọn tó ń rò pé ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ á di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, rárá. Láti ọdún 1983 ni òfin ti yí padà, àfi tí ọ̀kan nínú òbí bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí tó ní ìwé ìgbélùú ayérayé. Ọmọ tuntun náà á tún nílò pásípọ́ọ̀tù kó tó lè bá ọ wálé, ìyẹn náà gba àkókò.

Ra ìwé adójútòfò ìrìnàjò, kí o sì ka ibi tí wọ́n kọ oyún sí. Àwọn kan kì í sanwó mọ́ bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá. Kí ló dé tí o kò fi ní dín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kù?

Ọmọ Balógun (2:02 ọ̀sán)

Bàbá Ọmọ Gbàgádà, ọ̀rọ̀ yín wọlé, n kò ronú nípa ìpadàbọ̀ rí. Ní ti ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dì sínú ẹsẹ̀, wọ́n ní tí èèyàn bá lo aspirin kan ṣáájú kó tó wọ bàálù, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn.

Nọ́ọ̀sì Yábàá (2:30 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra aspirin fúnra yín. Aspirin kọ́ ni a fi ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì nínú bàálù fún aboyún. Ẹni tí dókítà ti ní kó máa lo kékeré rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó máa lò ó lọ, kó má dá a dúró. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí, tàbí tí ara rẹ̀ tóbi gan-an, dókítà lè fún un ní abẹ́rẹ́. Àgbo náà ńkọ́? Ẹ má gbé e dání, ẹ má mu ún kí ẹ tó wọ bàálù.

Oyún fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí ìrìnàjò bá sì ti ju wákàtí mẹ́rin lọ, ìjókòó pípẹ́ tún ń fi kún un. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ju wákàtí mẹ́fà lọ. Ẹ gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ má gba ti ojú fèrèsé. Ẹ máa dìde rìn, bí àmì bẹ́líìtì bá sì tàn, ẹ jókòó kí ẹ máa tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tún gbé e sókè. Omi ni kí ẹ máa mu. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí afẹ́fẹ́ inú ikùn máa ń fẹ̀ sí i lókè.

Bẹ́líìtì: abẹ́ ikùn ló ń gbà, kí ó tẹ́ sórí egungun ìdí àti òkè itan. Kò gbọdọ̀ kọjá lórí ọmọ. Bí kò bá tó, wọ́n ní àfikún rẹ̀ nínú bàálù, ẹ béèrè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dé, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń gbóná, tó ń dùn yín lẹ́yìn ojúgun, ẹ sáré lọ sí ọsibítù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sí ẹsẹ̀ aboyún, ẹsẹ̀ òsì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìyẹn wọ́pọ̀. Àyà dídùn, mímí gúlegúle, ẹ̀jẹ̀, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́ fún èyíkéyìí nínú wọn.

Awakọ̀ Pápákọ̀ (5:45 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èrò pápákọ̀ ni mo máa ń gbé láti Erékùṣù. Ẹ ń sọ ti wákàtí mẹ́fà inú bàálù, ẹ ò sọ ti Afárá Kẹta (Third Mainland Bridge). Kìlómítà bíi 11.8 ni afárá yẹn. Bí ẹ bá gun orí rẹ̀ ní Adéníjí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ sì há, kò síbi tí aboyún fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí títí ẹ ó fi dé Òwòròǹṣòkí, àfi bí ẹ bá yà sí Yábàá ní Adékúnlé. Mo ti gbé ìyá kan tó fẹ́ tọ̀, tó sì ń sunkún lórí afárá, n kò rí nǹkan kan ṣe fún un. Bí bàálù yín bá jẹ́ ti alẹ́, ẹ kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó kó tó di ọ̀sán, ẹ lọ dúró lọ́dọ̀ ẹbí ní Ìkẹjà tàbí Maryland. Bí ẹ bá ní ẹbí kankan nítòsí, ẹ lọ sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè (6:10 ìrọ̀lẹ́)

Òótọ́ pọ́ńbélé. Tí ọyẹ́ bá sì ti dé, ẹ mú oúnjẹ díẹ̀ dání. Bàálù máa ń pẹ́ gan-an nígbà náà, torí àwọn awakọ̀ rẹ̀ kì í ríran dáadáa nínú kùrukùru.

Olóyún Ìsàlẹ̀ Èkó (Ọjọ́ Ẹtì, 8:15 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì. Mo ti rí dókítà mi. Wọ́n ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n àwọn náà ò fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A ti yí tíkẹ́ẹ̀tì sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ 30 ni n ó máa padà. Àbúrò mi ti bá GP sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà. Mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì sétí ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní kò burú, pé àwọn á tẹ̀ lé mi dé Ìkẹjà. Ìbéèrè méjì ló kù: ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, tí wọ́n ń wọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, irú èwo ni kí n rà? Ibà ńkọ́, ṣé kò sí níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Yábàá (9:00 alẹ́)

Inú mi dùn gan-an. Èyí tó mọ sí abẹ́ orúnkún ti tó. Ẹ má gba èyí tí wọ́n bá kàn nà sí yín. Kí wọ́n wọn ọrùn ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ojúgun yín ní ilé ìtajà oògùn, torí èyí tó fún jù lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ẹ wọ̀ ọ́ láàárọ̀ kí ẹsẹ̀ tó wú.

Ẹ̀fọn kì í kó ibà ranni ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹ lè ti Èkó gbé ibà lọ. Ẹ rí i dájú pé ẹ ti gba Fansidar, oògùn tí aboyún fi ń dènà ibà, tó kàn ní ilé ìwòsàn kí ẹ tó lọ. Bí ara yín bá gbóná níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà ni pé Nàìjíríà ni ẹ ti dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà lọ́jọ́ náà. Wọ́n lè rò pé ọ̀fìnkìn ni, ibà sì léwu fún aboyún.

Olóyún Àjégúnlẹ̀ (9:40 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, n ò fẹ́ ṣí ojú ìwé tuntun. Èmi náà ń lọ sí Accra, oyún mi wà ní ọ̀sẹ̀ 20. Ọjọ́ tó wà lára káàdì pupa-rúsúrúsú mi, ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ti kọjá. Ṣé kí n lọ gba òmíràn?

Nọ́ọ̀sì Yábàá (10:05 alẹ́)

Rárá. Láti oṣù keje ọdún 2016 ni òfin àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́ títí ayé, ọjọ́ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n kọ sí káàdì àtijọ́ kò já mọ́ nǹkan mọ́. Bí ẹnìkan bá ní ó ti kọjá, ẹ ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún un pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tí kò gbà á rí rárá ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kòkòrò tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ yẹn, a kì í sì í sábà fún aboyún. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìwé tó ń yọ èèyàn sílẹ̀ kúrò nínú gbígbà á, kó sì lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ Port Health, ìyẹn àwọn elétò ìlera pápákọ̀, kí ọjọ́ ìrìnàjò tó dé. Inú àpò tí ẹ máa gbé lọ́wọ́ ni kí káàdì náà wà pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù, ẹ má fi sínú ẹrù tó ń lọ sí abẹ́ bàálù.